Èèpo Kòkó Nínú Omi Fàdákà

Bí ìgbà ìkórè bá dé ní Èkìtì, ní Ìṣẹ̀, ní Èmùré, títí dé àwọn oko etí Ìkẹ́rẹ́, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ kòkó ni mo máa ń fẹ́ dúró sí. Wọ́n ti fi gọ̀gọ̀ fa èso tó pọ́n wálẹ̀, wọ́n ti kó o jọ gègèrè sábẹ́ igi. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í fi ojú àdá là á, nítorí àdá lè gé hóró inú rẹ̀, hóró tó bá sì ti gé yóò bu nígbà tí wọ́n bá ń sá a. Kùmọ̀ kúkúrú ni wọ́n ń lò. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, èèpo sán. Wọ́n lọ́ ọ, ó pín sí méjì. Ìka méjì wọ inú rẹ̀, hóró jáde pẹ̀lú omi funfun yíyọ̀ tó bò ó, ó bọ́ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èèpo lọ sẹ́yìn, sórí òkìtì.

Òkìtì yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Bí ènìyàn bá gbé èso kòkó tútù sórí òṣùwọ̀n, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwúwo rẹ̀ ló jẹ́ èèpo. Ohun tí a ń tà kéré gan-an sí ohun tí a ń fi sílẹ̀ lóko. Àwọn ìyá tó ń ṣe ọṣẹ dúdú máa ń kó díẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á sá a, wọ́n á sun ún, wọ́n á fi eérú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ wọn. Èyí tó kù a jẹrà síbẹ̀, àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú a sì máa sá pamọ́ sínú rẹ̀ de òjò ọdún tó ń bọ̀.

Ní Ọgbọ́mọ̀ṣọ́, ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá tí gbogbo ayé ń pè ní LAUTECH, àwọn kan wà tí wọn kò fojú èérí wo èèpo yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbájé Lateef, onímọ̀ nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, ló ń ṣáájú wọn. Ní ọdún 2016, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé omi èèpo kòkó lè sọ fàdákà tó yòrò sínú omi di hóró fàdákà, hóró tó kéré débi pé wọ́n kì í fi mílímítà wọ̀n ọ́ mọ́. Nánómítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́. Bí a bá pín mílímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìdá kan níbẹ̀ ni nánómítà kan. Fọ́nrán irun orí ènìyàn fẹ̀ tó nǹkan bí 80,000 rẹ̀.

Kì í ṣe ọdún 2016 ni ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Lateef kọ́kọ́ kan èèpo kòkó. Ní 2008, wọ́n ti gbé e jáde pẹ̀lú èèpo ẹ̀gẹ́ àti ìdàrọ́ ekuro, wọ́n gbin olú tíntìn kan sórí wọn tó ń jẹ́ Rhizopus stolonifer LAU 07, kí ó fi wọ́n ṣe oúnjẹ, kí ó sì tipa bẹ́ẹ̀ sọ wọ́n di ohun tó sàn fún ara ẹran ọ̀sìn. LAU tó wà lẹ́yìn orúkọ náà jẹ́ àmì ilé: LAUTECH ni wọ́n ti sọ olú yẹn lórúkọ. Lẹ́yìn náà ni ìyẹ́ adìẹ dé, ohun mìíràn tí ilé ìpẹran ń dà nù. Wọ́n wá bakitéríà tó lè jẹ ìyẹ́ tán, wọ́n yọ ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀, nígbà tó sì di 2015 wọ́n fi ẹ́ńsáìmù bakitéríà bẹ́ẹ̀ kan, Bacillus safensis LAU 13, ṣe hóró fàdákà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni èèpo obì gbànja, okùn aláǹtakùn àti èèpo kòkó wọlé. Ẹni tó bá ka àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé yóò rí i pé ọwọ́ kan náà ló ń ṣiṣẹ́, ó ń gbé ohun tí a dà nù kan tẹ̀ lé òmíràn, kò sì gbàgbé èyí tó ti gbé sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí.

Wọ́n á sá èèpo kòkó náà títí yóò fi gbẹ fọ́rọ́fọ́rọ́. Èèpo tútù kún fún omi, ìyẹn kò sì ní jẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ ṣeé fọkàn tán. Bí ó bá ti ń dún bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ ẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun. Ìyẹ̀fun náà kò ju ṣíún lọ: ìdá kan nínú mẹ́wàá grámù ni wọ́n ń bù sínú omi mílílítà 10. Wọ́n á gbé e sínú agbada omi gbígbóná tí ooru rẹ̀ dúró sí 60°C, wọ́n á sì jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún wákàtí kan. Mo fẹ́ràn ìwọ̀n 60 yìí gan-an. Omi náà kò hó. Bí ó bá hó, àwọn purotéènì inú rẹ̀ á ti dì, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì wúlò níwájú. Bí ó bá tutù jù, oje tí a ń wá kò ní jáde tó. Nítorí náà ni ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò ṣe kúrò níbẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára tẹmómítà.

Lẹ́yìn èyí ni sísẹ́. Bébà asẹ́ tí wọ́n ká bí àrọ ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ, omi náà á máa kán tó tó tó sínú ìgò, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Sísẹ́ nìkan kò tó. Wọ́n á pín in sínú àwọn túùbù kéékèèké, wọ́n á kó wọn sínú ẹ̀rọ tó ń yí bíríbírí ní ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan, fún ogún ìṣẹ́jú. Túùbù tó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan gbọ́dọ̀ ní èkejì tó wúwo bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́ ní òdìkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà á máa gbọ̀n jìgìjìgì. Bí ó bá dúró, gbogbo ìdọ̀tí ti lọ bà sí ìsàlẹ̀ túùbù. Omi òkè tó mọ́ gaara ni wọ́n á rọra fà sókè.

Ẹ jẹ́ ká kọjú sí fàdákà wàyí. Fàdákà tó wà nínú ẹ̀gbà ọrùn kò ṣeé yòrò sínú omi, nítorí náà iyọ̀ fàdákà tí wọ́n ń pè ní silver nitrate ni wọ́n ń lò. Ó funfun, ó ń dán, ó sì jọ iyọ̀ oúnjẹ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá kan ìka, ìka náà á dúdú, ọṣẹ kò sì ní lè fọ̀ ọ́ kúrò fún ọjọ́ mélòó kan. Ìmọ́lẹ̀ pàápàá ń bà á jẹ́, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò dúdú. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n tí gíláàsì yí ká, nítorí èémí ènìyàn lásán lè yí nọ́ńbà ojú rẹ̀ padà. Fún odindi lítà omi kan, grámù 0.17 péré ni wọ́n nílò. Omi tí wọ́n sè, tí wọ́n sì sọ èéfín rẹ̀ di omi padà, ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi mú un yòrò. Iyọ̀ díẹ̀ tó wà nínú omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ yóò gbá fàdákà náà mú, gbogbo rẹ̀ á sì di funfun bàìbàì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí èyí bá ti tò, ohun tó kù kò gba agbára kankan. Wọ́n á bu omi fàdákà mílílítà 40 sínú ìgò, wọ́n á fi pìpẹ́ẹ̀tì fa omi èèpo kòkó mílílítà 1, wọ́n á dà á sí i. Wọn kì í rò ó, wọn kì í sì gbé e ka iná. Ooru inú ilé ti tó o. Ìdá kan èèpo sí ìdá ogójì fàdákà.

Lẹ́yìn náà wọ́n á wò ó. Omi tó mọ́ lẹ́ẹ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á di búráùn, búráùn náà á sì máa kì títí á fi ṣókùnkùn. Wọn kò kó aró sí i. Nínú omi èèpo kòkó ni àwọn èròjà wà tí wọ́n máa ń fi electron tọrẹ, àwọn èròjà kan náà tó ń mú èèpo korò lẹ́nu. Fàdákà tó wà nínú omi ti pàdánù electron kan. Bí ó bá ti rí i gbà padà, kò lè yòrò mọ́, ó ti di átọ́ọ̀mù fàdákà gidi. Átọ́ọ̀mù kan á lọ bá èkejì, ìkẹta á bá wọn, wọ́n á máa dìpọ̀. Bí kò bá sí ohun tó dá wọn dúró, wọn yóò dìpọ̀ títí wọn yóò fi rì sí ìsàlẹ̀ ìgò. Àwọn purotéènì tí ooru 60°C kò bà jẹ́ ló ń dá wọn dúró: wọ́n á fara mọ́ hóró kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bò ó yíká, kò sì ní lè lẹ̀ mọ́ òmíràn mọ́. Èèpo kan náà ló ń bí hóró, òun náà ló ń wọ aṣọ fún un.

Iṣẹ́ yìí rán mi létí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìṣẹ̀, agbẹ́gilére tó gbẹ́ àwọn òpó ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ láàrin 1910 sí 1914, tí ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ọnà Chicago lónìí. Ọ̀nà tí Ọlọ́wẹ̀ gbà ni pé odindi igi wà níwájú rẹ̀, ó ń fi àáké àti ọ̀bẹ mú ohun tí kò nílò kúrò títí tí ayaba àti ọba yóò fi hàn. Àwọn kan ń ṣe hóró nánò lọ́nà bẹ́ẹ̀, wọ́n ń lọ irin ńlá títí yóò fi kéré. Òdìkejì rẹ̀ ni iṣẹ́ inú ìgò yìí. Kò sí ohun tí wọ́n ń mú kúrò. Láti orí átọ́ọ̀mù kan ni wọ́n ti ń kọ́ ọ lọ sókè. Mo rò pé ìdí nìyí tí iṣẹ́ ọwọ́ fi pọ̀ tó báyìí ṣáájú kí ìgò méjì tó pàdé: nígbà tí kíkọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ọ̀bẹ tó lè wọ ibẹ̀ lọ tún un ṣe.

Ojú rí i pé àwọ̀ yí padà, àmọ́ wọn kò fi ti ojú nìkan ṣe. Wọ́n á bu omi náà sínú ìgò onígun mẹ́rin kékeré kan. Ẹ̀gbẹ́ méjì rẹ̀ mọ́ gaara, ẹ̀gbẹ́ méjì rẹ̀ rí bàìbàì, ẹ̀gbẹ́ tó rí bàìbàì yẹn nìkan sì ni ìka gbọ́dọ̀ kàn, nítorí ọ̀rá ọwọ́ tó bá wà lójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ yóò parọ́ fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà á ran oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, á sì sọ èyí tí omi náà gbé mì jù. Fún fàdákà èèpo kòkó, ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 428.5 ni, ìmọ́lẹ̀ tó wà láàrin búlúù àti elése àlùkò. Àwọn electron tó wà lójú hóró fàdákà ni ìmọ́lẹ̀ yìí ń mì síwá sẹ́yìn; wọ́n gbé e mì, èyí tó kù tó dé ojú wa ni a rí bíi búráùn. Fàdákà tó tóbi kò ní irú àwọ̀ yìí. Ti èèpo obì gbànja dúró sí 431.5. Ìyàtọ̀ mẹ́ta péré ló wà láàrin wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti rí hóró náà gan-an, wọ́n ń lo máíkírósíkóòpù tó ń fi electron ríran dípò ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀kán omi kan ni wọ́n ń kán sórí àwọ̀n bàbà róbótó kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 3, tí wọ́n fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ dì mú létí, kí ó má bàa tẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n kò lè ṣe é. Ohun tí àwòrán fi hàn ni hóró róbótó róbótó, èyí tó kéré jù jẹ́ nánómítà 4, èyí tó tóbi jù jẹ́ 32. Bí a bá ṣírò rẹ̀, átọ́ọ̀mù fàdákà bí 2,000 ló wà nínú èyí tó kéré jù, bíi mílíọ̀nù kan sì wà nínú èyí tó tóbi jù. Gbogbo wọn ló ti inú ìgò kan náà jáde lọ́jọ́ kan náà. Onímọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà yóò mi orí sí àlàfo yẹn, ó sì jàre, èmi náà yóò tún padà sórí rẹ̀.

Ìgbà yìí ni wọ́n tó bi fàdákà náà ní ohun tó lè ṣe. Kòkòrò àrùn méjì tí oògùn púpọ̀ kò ràn mọ́, Klebsiella pneumoniae àti Escherichia coli, èyí tí wọ́n gbà lára àwọn aláìsàn, ni wọ́n fi òwú tẹ́ sórí abọ́ pẹrẹsẹ tó kún fún oúnjẹ wọn tó dì. Wọ́n dá ihò róbótó sáàrin rẹ̀, wọ́n kán omi fàdákà sínú ihò náà, wọ́n gbé e síbi tó móoru di ọjọ́ kejì. Kòkòrò hù bo gbogbo abọ́ àfi yíká ihò náà. Wọ́n gbé rúlà lé e: mílímítà 10 sí 14. Wọ́n pò ó mọ́ ọ̀dà tí a fi ń kun ògiri, máíkírógrámù 5 nínú mílílítà ọ̀dà kan, wọ́n sì kó kòkòrò àti èbu oríṣiríṣi sí i. Kò sí ọ̀kan tó hù. Wọ́n dà á sínú omi tí tanwíjí wà, láti 70 nínú ọgọ́rùn-ún títí dé gbogbo wọn ló kú, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n fàdákà ṣe pọ̀ tó. Fún ẹni tó bá mọ ohun tí ibà ń ṣe ní abúlé wa, ìlà yẹn kò ṣeé kà kọjá lásán.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dúró síbẹ̀. Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé wọn kò dúró. Ohun tó ń pa tanwíjí, kí ni yóò ṣe fún ohun mìíràn tó wà nínú omi? Ọ̀jọ̀gbọ́n Omowunmi Sadik, tí wọ́n bí ní Èkó, tó kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ní Yunifásítì Èkó kó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Wollongong, ní Australia, ní 1994, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ẹ̀rọ tó ń tọ́ májèlé wò nínú omi àti afẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ní 2012, òun àti Barbara Karn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Sustainable Nanotechnology Organization, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè ìbéèrè yẹn lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ń ṣe hóró nánò.

Ní LAUTECH, àlùbọ́sà ni wọ́n fi dáhùn. T. A. Yekeen, Agbájé Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2017. Wọ́n á gbé àlùbọ́sà lé ẹnu ìgò, kí ìdí rẹ̀ ṣáà kan omi tí fàdákà èèpo kòkó wà nínú rẹ̀. Gbòǹgbò funfun á hù. Wọ́n á gé orí gbòǹgbò náà, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń pín ní kíkankíkan, wọ́n á fi oògùn dá a dúró bó ṣe wà, wọ́n á fi ásíìdì rọ̀ ọ́, wọ́n á kùn ún ní aró pupa, wọ́n á gbé gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí àtàǹpàkò bá yẹ̀ díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á wó lé ara wọn, gbogbo làálàá náà á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí gbòǹgbò mìíràn. Bí ó bá dúró, sẹ́ẹ̀lì á tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà: mélòó ló ń pín, mélòó ni kò pín, mélòó ni okùn àbùdá inú rẹ̀ já tàbí tó lọ́ mọ́ra wọn. Wọ́n kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìwọ̀n fàdákà ti ń pọ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ń dínkù. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni wọ́n kọ èyí lé lórí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ènìyàn láti kà.

Lọ́dún kan náà, L. Azeez àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Lateef gbin tẹ̀tẹ̀, wọ́n sì fún un ní fàdákà tí èèpo obì gbànja ṣe, ní ìwọ̀n kékeré, láti wo ohun tí ewé náà yóò dà. Ewé tí ó rí fàdákà náà ní èròjà tó ń dáàbò bo ara ju èyí tí kò rí i lọ. Ó tún yàtọ̀ sí ti àlùbọ́sà. Ìwọ̀n ló ń pinnu, ewéko ló ń pinnu, èèpo tí wọ́n fi ṣe é pẹ̀lú lè nípa tirẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ní n ó padà sórí àlàfo láàrin 4 àti 32. Nínú ìgò mílílítà 40, a lè fara da á. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe dúrọ́ọ̀mù kan fún iléeṣẹ́ ọ̀dà, ọ̀rọ̀ di ti onímọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà, nítorí oníbàárà yóò fẹ́ kí ti òní rí bíi ti àná. Èèpo kòkó kò rí bákan náà. Èyí tí wọ́n ká lẹ́nu òjò yàtọ̀ sí ti ọyẹ́. Èyí tí àrùn ti bà jẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó yè. Ilẹ̀ Èmùré kì í ṣe ilẹ̀ Ọgbọ́mọ̀ṣọ́, kòkó àtijọ́ kì í sì í ṣe irú tuntun tí ìjọba ń pín. Kó tó di pé fàdákà kan yóò yòrò, ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìkẹ́rẹ́, bóyá ní yunifásítì Bámidélé Olúmilúà tó wà níbẹ̀ báyìí, yóò kọ́kọ́ nílò àpò bíi mélòó kan, báírò, àti àgbẹ̀ tó ṣe tán láti sọ orúkọ oko, irú kòkó, àti ọjọ́ tí wọ́n ká a, kí wọ́n kọ ọ́ sára àpò èèpo kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò lóko.